Kòtò Abẹ́ Ojú Ẹni Tó Ń Ta Fóòmù

Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kẹta

Ẹlẹ́rìn-ín pè mí sí ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, òun ni wọ́n sì fi ṣe máníjà lé èmi lórí, èmi tí mo ti ń ta fóòmù ní ṣọ́ọ̀bù yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tó lé akọ̀wé wa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rín ló fi lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ máà bínú o. Ṣé ẹ̀ ń sùn báyìí?"

Mo ní mò ń sùn.

"Ẹ̀ ń sùn dáadáa?"

Mo ní wákàtí mẹ́jọ, láìdìde tọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa bébà kan yọ nínú àpótí àbá tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà kan ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ẹni tó ń bá yín ta fóòmù yẹn, ṣé ẹ kì í jẹ́ kí òun náà dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ ni? Ó ní ẹni kẹta tó kọ irú rẹ̀ láàárín oṣù kan nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí ni pé Alága, ìyá tó ni ilé iṣẹ́, ń bọ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin. Yóò mú ayàwòrán wá láti ya àwa tí à ń tajà fún pátákó ìpolówó tuntun. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá jọ ojú ẹni tó sùn, sítọ́ọ̀ ni yóò lọ, kó lọ máa ka ìrọ̀rí. Ẹlẹ́rìn-ín ní òun kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń tajà bíi tèmi. Ẹ̀rín náà ló fi sọ ìyẹn.

Sítọ́ọ̀ kò ní fèrèsé, oníbàárà kì í sì dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá gba oníbàárà lọ́wọ́ mi, kò ku nǹkan kan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí.

Ojú mi ti jìn láti kékeré. Kànga ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Ojú bàbá mi jìn, ti bàbá tó bí i náà jìn. Kì í ṣe pé a kì í sùn. Bí wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí, àwa gan-an la máa ń kọ́kọ́ sùn lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 5

Mo sọ ọ́ fún ìyá àwọn ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Tíṣà ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ogójì ọmọ.

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń hanrun tí àwọn ará òkè fi ń kanlẹ̀ fún wa!"

Lẹ́yìn náà ló gé kùkúḿbà, ó fi lé mi lójú méjèèjì, ó ní kí n má mira. Mo sùn lọ. Nígbà tí mo jí, ọ̀kan ti yọ̀ bọ́ sọ́rùn mi, ìkejì ni mi ò rí mọ́ títí di ìsinsìnyí. Ojú wà bó ṣe wà. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lónìí, ó kàn fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ni.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8

Mo lọ sọ́dọ̀ aṣojúlóge tó wà lẹ́yìn ilé epo. Ó ti fá irun òkè ojú tirẹ̀ dànù, ó wá fi lẹ́ẹ̀dì yà á padà síbi tí kò yẹ kó wà. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ tún ojú tèmi ṣe.

Ó gbé ìpara kan jáde, ó ní omi ara ìgbín ni wọ́n fi pò ó. Ó ní kí n máa mu omi dáadáa, kí n sì yéé ronú. Mo béèrè iye ìpara. Bó ṣe dárúkọ rẹ̀ ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Mo rà á ṣá. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ilé ni mo ń bú ara mi.

Ẹtì, ọjọ́ 14

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko pẹ̀lú ìgbín. Kòtò náà ti ń dán báyìí. Ìyẹn nìkan ló yí padà.

Arẹwà ló ní kí n lo pàǹkéèkì. Oṣù kìíní ni wọ́n gba Arẹwà, ọ̀dọ́kùnrin kan, sí ṣọ́ọ̀bù láti bá wa tajà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò lè ta omi fún ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ. Láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa da ọ̀rọ̀ lé oníbàárà lórí: ó rọ̀, ó tutù, ó ní ẹ̀rí, ó ní ẹ̀dínwó, títí wọn yóò fi rántí pé àwọn gbé nǹkan kaná sílé. Bí wọ́n ṣe ń ta fóòmù kọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń tà á ni pé kí oníbàárà bọ́ bàtà, kó dùbúlẹ̀ bó ṣe máa ń dùbúlẹ̀ nílé rẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi náà á bọ́ bàtà, mà á dùbúlẹ̀ bákan náà sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ títí oníbàárà yóò fi mí èémí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó kù kí n béèrè ni pé níbo ni ká gbé e bá wọn.

Mo kun pàǹkéèkì ìyá àwọn ọmọ, ó sì bá mi lára mu fún bíi wákàtí kan. Àṣé ẹ̀rọ amúlétutù ti kú láti àná. Obìnrin kan dé, ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lòun fi ń sùn. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀. Nígbà tí a dìde, ìlàjì ojú mi wà lára ìrọ̀rí funfun. Obìnrin náà wo ìrọ̀rí, ó wo èmi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò wà?"

Mo kàn gbé ìrọ̀rí náà, mo lọ fọ̀ ọ́.

Ajé, ọjọ́ 17

Ilé ìwòsàn awọ. Gbogbo àwòrán ojú tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri níbẹ̀ ló ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwa tí a jókòó sábẹ́ wọn kò jẹ́ wo ara wa. Gbogbo wa ń díbọ́n pé ẹlòmíràn la sìn wá.

Dókítà náà, obìnrin tí kò lẹ́rìn-ín rárá, fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ojú mi pẹ́. Ó ní kòtò omijé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Mo ní mi ò tíì sunkún láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ oorun. Eegun ibẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rá tó yẹ kó bò ó kò tó, bí ọjọ́ orí sì ṣe ń lọ sókè ni awọ ibẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà pé mò ń sùn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n lè ṣe fún mi. Wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ mi, kí ẹ̀rọ yí i, kí wọ́n gún un padà sábẹ́ ojú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oṣooṣù. Mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kí ló ti ṣe? Wọ́n lè bu ọ̀rá nínú ikùn mi gbé e wá sójú. Mo wo ikùn mi, ó tó láti kún ojú gbogbo ará àdúgbò, ṣùgbọ́n wọn á kùn mí lóorun, mà á sì jókòó sílé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Wọ́n lè fi ọ̀bẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tí àpò wú sábẹ́ ojú wọn ni ìyẹn dára fún, kì í ṣe irú tèmi. Èyí tó kù ni jẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ gún sínú kòtò náà. Ojú ẹsẹ̀ ni yóò kún, ó lè tó ọdún kan kó tó lọ. Bí kò bá sì dára, abẹ́rẹ́ mìíràn wà tó máa yọ́ ọ.

"Ẹ sì lè fi sílẹ̀ bó ṣe wà," ló wí. "Kò ṣe yín ní nǹkan kan."

Mo ní ó ń ṣe máníjà mi.

Kò fi ewu ibẹ̀ pamọ́ fún mi. Ó lè wú, ó lè dúdú, kòkòrò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n, ó lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ojú sì fọ́. Mo ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́, àmọ́ iye ọjọ́ tó kù ni mò ń kà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20

Jẹ́ẹ̀lì ni. Owó oṣù kan àtààbọ̀. Ìyá àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ajé, ọjọ́ 24

Wọ́n gún un. Mo gbọ́ bí jẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń rìn lábẹ́ awọ mi, bí ẹni pé ẹnìkan ń fi ìka wá ohun tó sọ nù sínú àpò mi. Nọ́ọ̀sì ń kí mi kú ìfaradà bíi pé ọmọ ni mò ń bí.

Dókítà kọ òfin sínú bébà. Mi ò gbọdọ̀ tẹ ojú. Mi ò gbọdọ̀ dojú bolẹ̀ sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí n fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè. Ó bi mí bóyá mà á lè ṣe é. Mo ní iṣẹ́ mi ni ìrọ̀rí.

Ẹ wá wo ojú! Ọkùnrin kan wà nínú díńgí tó jọ àbúrò mi, ká ní mo ní àbúrò tó lówó. Mo wò ó nínú díńgí wọn, mo wò ó nínú gíláàsì ọkọ̀, mo délé mo tún wò ó. Èmi tí mo máa ń yọ ṣùtì sí àwọn ọkùnrin tó ń wo díńgí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 25

Òmùgọ̀ ni mí. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó dájú.

Bíríkìlà kan wọlé lọ́sàn-án, ó ga, ó fẹ̀, ó ní ikùn lòun fi ń sùn. Mo ní kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ bàtà, ó dojú bolẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún! Kí n tó rántí pé mo ní ojú, èmi náà ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi wà nínú fóòmù tó le jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí mo ka èémí rẹ̀ dé ìkẹjọ ni mo rántí. Oorun sì ti ń gbé ọkùnrin náà lọ, bí mo bá dìde yóò jí. Mo ka ìkẹsàn-án, mo ka ìkẹwàá.

Ó ra èyí tó tóbi jù. Kò tilẹ̀ ná an.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27

Abẹ́ ojú òsì ti wú bí ẹyin. Ti ọ̀tún wà bí dókítà ṣe fi í sílẹ̀. Bí mo bá yí sí òsì, mo sanra. Bí mo bá yí sí ọ̀tún, mo jọ àbúrò olówó yẹn.

Mo rò pé Ẹlẹ́rìn-ín máa pariwo. Ó pariwo lóòótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wá wo ojú! Ẹ ti sùn!" Ó dì mí léjìká mú, ó ń yí mi síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Apá ọ̀tún ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é kó bá èyí dọ́gba."

Ìwé ẹ̀rí méjì ni ọkùnrin yìí gbé kọ́ ara ògiri o.

Ẹtì, ọjọ́ 28

Alága ti fa ìbẹ̀wò rẹ̀ sún mọ́ tòsí. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ya fọ́tò.

Àìkú, ọjọ́ 30

Ibẹ̀ ti pupa, ó ń gbóná bí ife tíì. Mi ò sùn. Èmi!

Ajé, ọjọ́ 31

Dókítà kò tíì fọwọ́ kan ibẹ̀ tó fi sọ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn lónìí, kí àwọn sì yọ́ jẹ́ẹ̀lì náà lónìí. Mo ní kó fún mi ní oògùn, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ká fi yíyọ́ di Ọjọ́bọ̀.

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé?"

"Wọ́n máa yà mí ní fọ́tò ní Ọjọ́rú."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, ibi tó ń gbóná yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹyinjú yín ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo mọ̀. Mo gba oògùn, mo dìde, mo lọ sílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni mo ti ń kọ ọ́ síhìn-ín pé òmùgọ̀ ni lágbájá, aláìlóye ni tàmẹ̀dò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe irú èyí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin

Ìyá àwọn ọmọ ṣí fèrèsé láàárọ̀, ó wo ojú mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí.

"Ẹ fọwọ́ di ojú ọ̀tún. Ìka mélòó ni mo nà sókè?"

Mo ní mẹ́ta.

Méjì ló nà.

"Ojú tí ẹ fi ń rí mi lẹ fẹ́ sọ nù torí fọ́tò?" Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ wọ bàtà."

Ó pe ilé ìwé pé òun kò ní lè wá lónìí. Ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí ló di apá mi mú nínú ọkọ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn, bíi pé mo ti fọ́jú tán. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́.

Wọ́n yọ́ ọ. Ó ta mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní kí wọ́n yọ́ ti ọ̀tún náà, mi ò fẹ́ jẹ́ kànga lápá kan. Ìgbà tí ìwú náà rọlẹ̀ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, dókítà gbé káàdì lẹ́tà síwájú mi, mo kà á dé ìlà tó kéré jù. Ìyá àwọn ọmọ tún ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 2

Awọ tó ti nà kò mọ ọ̀nà padà. Ó já sílẹ̀, ó dúdú, kòtò náà jìn ju èyí tí wọ́n bí mọ́ mi lọ. Mo lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín rí mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn nìkan tó owó oṣù kan àtààbọ̀.

Alága dé, ó jókòó sórí fóòmù tó wọ́n jù láì bọ́ bàtà. Ó nàka sí mi.

"Ta nìyí?"

"Sítọ́ọ̀ ló ń lọ, mà," Ẹlẹ́rìn-ín sáré wí.

"Sítọ́ọ̀ kẹ̀? Ayàwòrán, wá wo ojú yìí! Èyí gan-an la ti ń wá kiri."

Wọ́n gbé fóòmù kan tó ti ya jáde láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n jókòó lé e, kí n di orí mú. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan fún mi. Nígbà tí wọ́n ya tèmi tán, wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn mi, wọ́n fi wọ Arẹwà, wọ́n gbé e jókòó sórí fóòmù tuntun. Wọ́n á kọ "Kí O Tó Rà Á" sábẹ́ èmi. Wọ́n á kọ "Lẹ́yìn Tí O Rà Á" sábẹ́ Arẹwà.

"Ẹ má jẹ́ kó tún ojú yẹn ṣe o," ni Alága wí bó ṣe ń lọ.

Ẹ̀rín ti padà sẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ní mi ò lọ síbì kankan mọ́, ẹ̀gbẹ́ pátákó ni mà á máa dúró sí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí n sọ pé èmi náà ni mo wà lápá méjèèjì.

Ẹtì, ọjọ́ 4

"Ṣé ẹ gbà?" ìyá àwọn ọmọ béèrè.

Mo ní láti ìgbà tí mo ti ń tajà, mi ò tíì parọ́ kan fún oníbàárà. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ènìyàn mímọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kò nílò irọ́, aláìmọṣẹ́ ló ń parọ́. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Ẹlẹ́rìn-ín náà lójúkojú. Ó ní kò burú, ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lórí tábìlì.

Mi ò mú un.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22

Pátákó dé lónìí. Ó ga jù mí lọ. Òjò ń rọ̀, ṣọ́ọ̀bù sì dá páropáro títí di ọ̀sán, nígbà tí tọkọtaya kan sá wọlé. Ọkọ gbọn agbòjò, ó wo pátákó, ó wo èmi, ó tún wo pátákó.

"Bàbá, èyí tó wà lápá kejì yìí, ṣé ẹ̀yin náà ni? Lẹ́yìn tí ẹ rà á?"

Arẹwà dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, ó ń nu tábìlì.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ìyàwó sún mọ́ mi, ó yẹ ojú mi wò. "Kí ló wá dé tí ojú yín tún padà rí báyìí?"

Mo ní ìyàwó mi ti gba fóòmù náà lọ́wọ́ mi, òun ló ń sùn lórí rẹ̀ báyìí. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí fóòmù, mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń dùbúlẹ̀ nílé. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ti ń tú okùn bàtà mi.

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá," ọkọ wí. "A ti rí i lára yín."

Wọ́n ra méjì.